Ẹja Alámì Tí Alága Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkùnrin kan wà tó pàṣẹ fún ẹja pé kí wọ́n fi ẹyin wọn sínú ná títí òun yóò fi ṣàlejò tán, ẹ má pe onítọ̀hún ní òpùrọ́. Ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀, ní Belokamen, létí adágún Ohrid, ojú mi báyìí ló sì ṣe. Argir Pashkulov lorúkọ ọkùnrin náà, alága ìlú ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹnu òrofó ní ń pa òrofó, ṣùgbọ́n òrofó tiwa yìí ní akọ̀wé tó ń pàtẹ́wọ́ fún un bó ti ń ké.

Argir kò ga. Kí ìyẹn má bàa hàn, ó ní kí wọ́n to pákó sábẹ́ àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá wá rí i lè máa gbójú sókè wò ó. Bó bá sín, Blaje akọ̀wé rẹ̀ á ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ìlú ti ń retí rẹ̀ látàárọ̀." Ó ní ọkọ̀ ojú omi funfun kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí níwájú, lẹ́yìn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ẹni pé ẹja fẹ́ kà á. Kì í wọ ọkọ̀ náà, nítorí òòyì máa ń kọ́ ọ lójú omi.

Ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nípa ìjọba rẹ̀. Ìkíní ni ti rédíò ìlú. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń gbọ́ ìròyìn láti Skopje, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ ẹnu Argir ni rédíò tiwa ń gbé jáde. Ó ní ìròyìn Skopje ń da ọkàn àwọn ará ìlú rú. Ìkejì ni ti Vangel, ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ṣáájú Blaje. Vangel ló sọ fún Alága lọ́jọ́ kan pé ó jọ pé òjò á rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi tuntun. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí Vangel lọ máa ṣọ́ itẹ́ òkú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún mú ìròyìn burúkú wọ ọ́fíìsì Argir, inú rẹ̀ sì ń dùn pé nǹkan ń lọ dáadáa nílùú.

Ẹja ló wá ba ayé jẹ́ fún un, ẹja pastrmka, tí a fi ń yangàn létí omi wa, tí ara rẹ̀ láàmì pupa tótòtó. Ẹja alámì ni n ó máa pè é. Lọ́dọọdún, bí òtútù Dèsẹ́ḿbà bá ti mú, wọ́n á wọ́ wá síbi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú ìlú wa, níbi tí omi ń sun láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa yé ẹyin sáàárín òkúta. Lásìkò yẹn wọn kì í bẹ̀rù èèyàn rárá, apẹ̀rẹ̀ lásán lèèyàn lè fi gbọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa abo kan nígbà yẹn, odidi ìdílé ló pa. A ti ń gbọ́n wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa àti àwọn àjèjì tó ń wá láti ibòmíràn, títí àwọ̀n wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ tí ojú ń tì wá láti fà á sókè.

Nínú gbogbo wa, Stoyna ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ìyá Mitre là ń pè é. Opó ni, òun àti Mitre ló jọ ń tukọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ti lọ sí Ọsirélíà, fọ́tò nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Mitre ló kù, ìbátan rẹ̀ kan ní Stuttgart, ní Jámánì, sì ti bá a wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mitre kò fi bò fún ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, bí wọ́n bá tún kó àwọn ẹlẹ́yin yìí lọ́dún yìí, mò ń lọ," ló wí. "Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè máa ṣọ́ omi òfìfo."

Ó yá, Ìyá Mitre kó àwa apẹja lẹ́yìn, ó di ọ́fíìsì Alága.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú," ló ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀. Ẹ bá wa fòfin de ẹja alámì láti ìbẹ̀rẹ̀ Dèsẹ́ḿbà títí Fẹ́búárì yóò fi parí. Kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n. Àwa náà ò ní jù."

Argir wò wá láti orí pákó rẹ̀. "Ẹ̀yin apẹja lẹ fẹ́ kí n fòfin de ẹja pípa?"

"Àwa ni."

"Ṣé ara yín dá báyìí?"

"Ara wa dá, Alága. Ẹja ló ń tán."

Ọkùnrin náà bá dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí Argir bá dìde lórí pákó, ẹ wá ibi jókòó sí. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "ẹ̀yin ọmọ omi, ẹ̀yin àrólé ìgbì! Tọ́ọ̀kì jọba lórí wa títí ó fi sú wọn, síbẹ̀ Tọ́ọ̀kì ò wọ yàrá ẹja. Ṣé èmi Argir, ọmọ Pashkul, ni n ó wá máa kanlẹ̀kùn yàrá tọkọtaya ẹja, tí n ó máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú òkùnkùn? Rárá o. Ìtàn ò ní gbọ́ irú ìyẹn nípa mi." Blaje pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pa á, ṣùgbọ́n ó pa á pẹ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ Tọ́ọ̀kì níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìtàn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa ló ní ẹni mímọ́ kan tó ń ṣọdún rẹ̀. Nikola Mímọ́ ni ẹni mímọ́ ilé Argir, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Dèsẹ́ḿbà ni wọ́n sì ń ṣe ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ náà bọ́ sáàárín ààwẹ̀ Kérésìmesì, a kì í jẹ ẹran, a kì í mu wàrà. Ẹja ni onílé gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀, ilé tí kò bá sì rí ẹja gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ Nikola, títí ọdún yóò fi yí po ni wọn yóò máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́dún yẹn, Mínísítà tó ń rí sí ọ̀ràn omi àti oko fẹ́ wá jẹun nílé Argir. A kì í pe èèyàn sí ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé, ẹni bá fẹ́ á yà wọlé ni. Argir ò pe Mínísítà. Ó kàn ń rán an létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun ò pè é. Ó fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè ní Vienna, ó sì gbà pé ẹja alámì tó kún fún ẹyin ni yóò gbé òun débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun kọ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú. Ó ronú títí, ó gbé òfin kan jáde, Blaje sì kà á lórí rédíò pẹ̀lú ohùn àṣẹ:

"Alága Belokamen ń kéde pé ìgbà ìyẹ́yin ẹja alámì lọ́dún yìí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù Dèsẹ́ḿbà, láago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹja tó bá yé ẹyin ṣáájú àkókò yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é, ìjọba ò mọ̀ sí i. Títí dìgbà náà, gbogbo apẹja lómìnira láti pa á bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n sì kó àwọn tó bá tóbi jù wá sílé Alága, láti fi ìfẹ́ hàn."

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa dúró létí omi, a ń wo ara wa. Kuzman, tó dàgbà jù láàárín wa, ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ta ni yóò wọ omi lọ kà á fún wọn?"

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ," Ìyá Mitre wí. "Ó ní a lómìnira láti pa á. Kò ní dandan ni."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo ọkọ̀ Belokamen ti dojú délẹ̀ létí omi, a ń kun ọ̀dà sí wọn nídìí. Ìyá Mitre kì í ṣe ẹni tí í fi nǹkan sí àbọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Skopje, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Mínísítà, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀, títí kíkọjá lára rẹ̀ fi sú Mínísítà, tó sì ní kó wọlé. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán, ó ní òun yóò wò ó. Ẹ mọ ohun tí "a ó wò ó" túmọ̀ sí lẹ́nu ìjọba. Bí obìnrin náà ṣe padà délé nìyẹn, kò mú ohun gidi kan bọ̀.

Blaje wá bá wa létí omi. "Ìyá Mitre, ẹ ò sí lójú omi látọjọ́ yìí."

"À ń kun ọ̀dà."

"Láti ìgbà náà wá?"

"Ọkọ̀ tó ti dàgbà ni, ọmọ mi, ó fẹ́ ìtọ́jú. Ìwọ náà ò sì rí bí o ṣe rí mọ́. Wá, kí n kùn ọ́."

Nígbà tí Argir rí i pé ọjọ́ Nikola ń bọ̀ tí ẹja kankan ò wá, ó ránṣẹ́ sí Mitre. Ó gbé fìlà dúdú kan fún un, tó ní bọ́tìnnì idẹ níwájú. "Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́ Omi," ó ní. "Owó oṣù, ilé ìjọba, kò sí pé o ń lọ Stuttgart mọ́. Ohun tí mo kàn ń fẹ́ ni agbọ̀n ẹja alámì kan ṣoṣo, kí o gbé e gba ẹ̀yìn ilé wọlé."

Mitre gbé fìlà náà délé, ó fi síwájú ìyá rẹ̀ lórí tábìlì. Obìnrin náà wò ó. Fìlà yẹn ni ohun kan ṣoṣo láyé tó lè dá ọmọ rẹ̀ dúró.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?" ó bi í nígbẹ̀yìn.

"Mo dé e wò nínú dígí. Ó yẹ mí." Mitre ń yí bọ́tìnnì náà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá kó wọn fún un, kí ni n ó wá máa ṣọ́?"

Ó dá fìlà náà padà lọ́jọ́ kejì. Inú ìyá rẹ̀ dùn sí i dé góńgó, ó sì wọ yàrá lọ sunkún, nítorí bọ́ọ̀sì Stuttgart yóò kúrò ní Belokamen lẹ́yìn ọjọ́ Nikola gan-an, Mitre sì ti sanwó ìjókòó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mínísítà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ó wò ó lóòótọ́. Ó fọwọ́ sí òfin pé kò gbọdọ̀ sẹ́ni tí yóò pa ẹja alámì níbi kankan nínú adágún náà títí Fẹ́búárì yóò fi parí, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Ó kà á fúnra rẹ̀ lórí rédíò Skopje nírọ̀lẹ́. Ní Belokamen, ní wákàtí yẹn, Argir ń sọ lórí rédíò tiwa bí òpópónà tó tọ́ ṣe ń mú ìwà èèyàn tọ́. Àwa gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó wà ní Skopje, orí fóònù ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún Alága, nítorí kò bi wá. Blaje náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀, ó la ẹnu, ó rántí Vangel ní itẹ́ òkú, ó sì pa ẹnu náà dé.

"Kí ló dé?" Argir bi í.

"Kò sí, ọ̀gá. Mo ní ọ̀rọ̀ òpópónà yẹn, àrà ni."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Nikola, Argir ní bí kò bá sí apẹja mọ́, òun yóò pa á fúnra òun. Gbogbo ìlú jáde wá wòran. Ó wọ inú ọkọ̀ funfun rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já oyè lọ́rùn, ó kọ́kọ́ bá omi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Blaje ju àwọ̀n, àwọ̀n kọ́ igi àsíá, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì lójú kan, Argir di igi àsíá mú, ó ń bi ẹ̀wà àná sórí orúkọ ara rẹ̀. Fìlà Alága nìkan ni àwọ̀n mú lọ́jọ́ yẹn.

Bó ṣe ku ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Ó rán Blaje sí ọjà Bitola, Blaje ra pánla inú yìnyín bọ̀, pánla òkun, tí kò mọ ọ̀nà adágún Ohrid rí. Evdokiya ìyàwó Argir bó wọn láwọ, ó kó wọn síwájú. Ó gbé ìkòkò ajvar wá, ata pupa sísun tí gbogbo ilé wa ń lọ̀ pamọ́ de òtútù, ó sì ń fi igi ìṣáná to àmì pupa sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Argir, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Báwo ni kí n ṣe é pọ̀ tó?"

"Ṣe é púpọ̀. Ẹja Mínísítà ni."

Ó ṣe é púpọ̀ o. Nígbà tó ṣe tán, pánla náà jọ ọmọ tí àrùn ìta ń dà láàmú.

Nígbà tó di ọjọ́ Nikola, ilẹ̀kùn Argir ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí àṣà ti wí. Mínísítà dé, ọkùnrin sísanra kan tí oorun ń kùn, tí kò fẹ́ ju kó jẹun kó sì padà sílé. Bàbá Àlùfáà gé búrẹ́dì, ó gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni àwa apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nínú aṣọ tí a fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Kuzman, Mitre, Ìyá Mitre, gbogbo wa. Ojú Argir pọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá wọlé ti di àlejò, onílé ò gbọdọ̀ lé e, onílé ò sì gbọdọ̀ jókòó. Ìdúró ló gbọ́dọ̀ wà, kó máa bù fún wa, kó máa ní ká jẹ sí i. Ẹ̀yin tó kàn ń kà á, ẹ ò mọ adùn inú kí irú Argir máa dúró bu oúnjẹ fún yín. Ọkọ̀ọ̀kan wa bèèrè búrẹ́dì lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá gbé ẹja jáde nínú àwo fàdákà. Kuzman wo ẹja, ó wo òrùlé.

"Mínísítà ọlọ́lá," Argir bẹ̀rẹ̀, "ìmọ́lẹ̀ omi, baba ẹja, àwọn mìíràn á rà á lọ́jà. Èmi kọ́! Ẹja alámì tó wà níwájú yín yìí, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló mú un, láàárọ̀ yìí, nínú òtútù, mo ń ronú nípa yín."

Mínísítà ti fẹ́ fi ẹja sẹ́nu. Ó sọ fọ́ọ̀kì kalẹ̀. "Láàárọ̀ yìí?"

"Wọ́n ṣì ń ta pìtìpìtì bí mo ṣe ń kó wọn bọ̀."

"Nínú adágún yìí?"

"Níwájú ilé yìí gan-an."

"Alága," Mínísítà wí pẹ̀lẹ́, "mo ti fòfin dè é láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi fúnra mi ló kà á lórí rédíò. Ẹ ò ní rédíò níbí ni?"

Argir wo Blaje. Blaje ń wo àwòrán Nikola Mímọ́ lára ògiri bí ẹni tí ìyípadà ọkàn dé bá. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, tó jókòó nídìí àwo tirẹ̀, rọra ti àwo náà síwájú.

Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ gbà á là. Evdokiya yọrí láti ilé ìdáná. "Argir, jẹ́wọ́ fún wọn, pánla ni."

Mínísítà yíjú sí Ìyá Mitre. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ wá hun ìbọ̀sẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ mọ ẹja. Èwo ni kí n gbà?"

Obìnrin náà wo Argir, ẹni tó fẹ́ fi fìlà ra ọmọ rẹ̀. "Ilé rẹ̀ la wà, tábìlì ẹni mímọ́ rẹ̀ ni," ó wí. "Mi ò lè bá onílé jiyàn nídìí oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó bá sọ náà ni."

Ọ̀nà wá pín sí méjì fún Argir. Bó bá ní pánla ni, ìlú á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó de pánla. Bó bá ní ẹja alámì ni, arúfin ni. Ẹni tó ní làákàyè ì bá gba ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Argir na ara rẹ̀ gùn débi tó lè gùn dé, ó gbé àyà síwájú.

"Ẹja alámì ni! Èmi ni mo mú un. Ẹni tó bá ní pánla ni, ó bú ẹni mímọ́ ilé mi."

"Gbogbo rẹ̀?" ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè.

"Gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́."

Bàbá Àlùfáà, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì ti ń jẹun lọ ní tirẹ̀, nu ẹnu. Irùngbọ̀n funfun rẹ̀ ti láàmì pupa tótòtó. Kuzman ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Mitre tẹ̀ lé e, ni gbogbo ilé bá gbà á. Mínísítà fi ìka kan ara ẹja, ó tọ́ ọ lá. "Ata tó dáa ni," ó wí. Ó dìde, ó wọ kóòtù rẹ̀. "Bó bá pa ẹja, arúfin ni, kó lọ. Bí kò bá pa á, òpùrọ́ ni, kó lọ. Ẹ kọ èyí tó bá wù ú sílẹ̀." Argir ní kí wọ́n kọ ọ́ pé òun pa á. Mo ti dàgbà, mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó bá ọlọ́pàá jà kí wọ́n lè jẹ òun níyà fún ohun tí òun ò ṣe.

Ó pàdánù àga, ó san owó ìtanràn, Vienna sì wà níbi tó wà. Vangel ni wọ́n mú kúrò ní itẹ́ òkú wá fi ṣe alága, ó yọ pákó lábẹ́ àga, ó jókòó. Nígbà tó sín, Blaje ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, ìlú ti ń retí rẹ̀ látàárọ̀."

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Nikola, bọ́ọ̀sì Stuttgart dé ojúde ìlú. Mitre gbé àpótí jáde, Ìyá Mitre ń tẹ̀ lé e, kò bẹ̀ ẹ́, kò sunkún, ó kàn di apá kóòtù rẹ̀ mú. Wọ́n gba etí omi kọjá. Omi mọ́ lọ́jọ́ náà, àwọn ẹja náà sì wà níbẹ̀ lórí òkúta, wọ́n pọ̀, wọ́n ń fi ìrù gbá ilẹ̀, kò sí àwọ̀n kankan. Mitre dúró wò wọ́n títí awakọ̀ fi fọn fèrè. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.

"Ọdún mẹ́rin ni ẹyin yẹn á fi dàgbà," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Mo fún wọn lọ́dún mẹ́rin." Ó gbé àpótí náà padà sílé.

Nígbà tí Nikola tún yí po, Argir ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, ó dúró ti tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò yà. Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Mitre wọlé pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà lọ́wọ́, ó jókòó. Argir bu ẹ̀wà náà fún un, ó sì dúró, bí àṣà ti wí. Kò pẹ́ tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Ìyá Mitre, ẹja tí mo mú lọ́jọ́ yẹn, ó gùn láti ìka mi títí dé èjìká. Ó fẹ́ fà mí sómi."

"Ó gùn lóòótọ́," Ìyá Mitre wí. Ó tọ́ ẹ̀wà rẹ̀ wò, ó mi orí. "Argir, ṣé ó ṣẹ́ kù nínú ata tí ẹ fi kùn ún? Ẹ̀wà mi ò ní ata."

Argir wọ ilé ìdáná lọ bù ú wá.